Albumin 27, CRP 160: kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ nígbà tí páńkíríàsì bá wú lójijì?

#1 Ọmọ Ìlọrin ní Káwò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i.

Tí inú bá ń run ènìyàn lókè ìdodo, tí ìrora náà gba inú kọjá sí ẹ̀yìn, tí lipase rẹ̀ (èròjà páńkíríàsì tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀) sì tó ìlọ́po 3 òkè ìwọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ti mọ̀ pé páńkíríàsì ló wú. Èyí tó le ni ká mọ̀, láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, ẹni tí yóò gba omi àti oògùn ìrora tí yóò sì lọ sílé, àti ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ máa dáṣẹ́ sílẹ̀. Lipase kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ó lè ga fíofío lára ẹni tí àìsàn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe aláìsàn kan pàtó: ọkùnrin, ọdún 46, kìlò 60. Lọ́jọ́ tó dé, albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀) 3.8. Lọ́jọ́ kejì, albumin 27, CRP (purotéènì tó ń ga tí ara bá gbiná) 160, kálísíọ̀mù 1.85, yúríà 9.5, ṣúgà 11.2. Ẹnì kan fi albumin pín CRP, ó ní 5.9. Ẹlòmíràn ṣe ìṣírò kan náà, ó ní 59. Ta ló gbà á? Ṣé a tilẹ̀ lè gbójú lé albumin rárá, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọlé pẹ̀lú ara tí kò ti ń jẹun kánú tẹ́lẹ̀?

#2 Sẹ̀ǹtírífúùjì, láàbù, Gwágwáládà

Àbúrò, àwọn méjèèjì gbà á, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. 3.8 tí ẹ kọ yẹn, g/dL ni. 27 tó tẹ̀lé e, g/L ni. Ní g/L, 3.8 di 38. Albumin náà ti já láti 38 sí 27. CRP 160 mg/L tí a fi 27 g/L pín jẹ́ 5.9, tí a bá fi 2.7 g/dL pín in, ó di 59. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bí láàbù mìíràn bá wá kọ CRP ní mg/dL, 16 lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé ara ẹni náà ti ń balẹ̀. Kí ẹ tó gba iye kankan tí ìwé kan bá ní kí ẹ fi ṣe ààlà, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n lò. Àwọn ààlà náà kò tilẹ̀ bára mu láti ìwé kan sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti CRP dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Èyí tí ẹ ó bá pàdé ní ọ̀pọ̀ láàbù kéékèèké ni ti orí gíláàsì: a ó kán omi ẹ̀jẹ̀ sí i, a ó kán látẹ́ẹ̀sì tẹ̀lé e, a ó máa yí i fún ìṣẹ́jú 2, bó bá dì wóró-wóró, a ó kọ "positive". Látẹ́ẹ̀sì yẹn ń dì láti nǹkan bí 6 mg/L. Ẹni tó ní 8 àti ẹni tó ní 280, "positive" ni àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ju 150 lọ, ààlà tí a fi ń fura pé àìsàn náà le! Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n là á pẹ̀lú omi oníyọ̀: 1:2, 1:4, 1:8, 1:16, 1:32. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó dì, ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. 1:16 jẹ́ 96, 1:32 jẹ́ 192. Àlàfo náà fẹ̀, 150 sì wà láàárín rẹ̀, nítorí náà n kò ní kí ẹ búra lé e, àmọ́ ó sàn fíìfíì ju "positive" lásán lọ. Ewu kan tún wà níbẹ̀: nígbà tí CRP bá pọ̀ jọjọ, omi ẹ̀jẹ̀ tí a kò là lè kọ̀ láti dì, a ó wá kọ "negative" fún ẹni tí iná ń jó nínú ara rẹ̀. Tí èsì àti aláìsàn kò bá jọra, ẹ ní kí wọ́n là á kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ má béèrè hs-CRP, èyí tó ń wọn CRP tó kéré gan-an. Ti àrùn ọkàn nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan kì í kà á kọjá 10, wọ́n á kọ ">10" fún yín, owó aláìsàn á sì ti lọ.

Ó tún kan bí ẹ ṣe fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fà á lápá tí omi ń wọ̀, apá kejì ni kí ẹ lò. Rọ́bà tí ẹ fi de apá kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 1 lọ, torí bó bá pẹ́, omi á jáde kúrò nínú iṣan, purotéènì á ki, albumin á sì ga ju ti òótọ́ lọ. Ẹni tó jókòó tàbí tó dúró lọ́jọ́ kìíní, tó wá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, albumin rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ tó ìdá 10 nínú 100 láìjẹ́ pé àìsàn le sí i. Ẹ sì má da ẹ̀jẹ̀ láti inú ìgò onídèérí elésè àlùkò sínú onídèérí pupa láé. Èròjà inú ti àkọ́kọ́ máa ń gbá kálísíọ̀mù mọ́ra. Ẹ ó rí kálísíọ̀mù tó wálẹ̀ wọ̀ọ̀ pẹ̀lú pòtásíọ̀mù tó ga, ẹ ó sì di ẹ̀bi náà ru páńkíríàsì.

Láàbù kan náà ni kí ẹ lò fún ọjọ́ méjèèjì. Aró BCG tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń wọn albumin máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn tó ń pọ̀ nígbà tí ara bá ń jà, nítorí náà ó ń ka albumin tó kéré ga ju bó ṣe rí lọ. Aró BCP kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ kìíní bá jẹ́ BCG tí ọjọ́ kejì jẹ́ BCP, ẹ ti fi kóńgò wọn ìrẹsì lánàá, ẹ wá fi múdù wọ̀n ọ́n lónìí.

Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá funfun bíi nónò (wàrà), ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá triglyceride tó ju 11.3 mmol/L lọ lè jẹ́ òun gan-an ló mú páńkíríàsì wú. Ó tún lè jẹ́ kí amylase, èròjà páńkíríàsì mìíràn tí a ń wọ̀n, dà bí ẹni tí kò ga, kó sì da àyẹ̀wò tó ń lo ìmọ́lẹ̀ rú.

#3 Ọ̀bẹ-Tó-Mú, iṣẹ́ abẹ, Àbújá

Ọ̀gá láàbù ti sọ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe albumin, bíi gíráàmù 10 sí 15 lójúmọ́. Ìdajì èyí tó bá wà nílẹ̀ á sì lo nǹkan bí ọjọ́ 20 kó tó tán. Nítorí náà, ká tilẹ̀ ní ẹ̀dọ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ pátápátá lónìí, albumin kò ní torí ẹ̀ já láti 38 sí 27 lọ́la. Ó jò ni. Páńkíríàsì tó ń jẹ ara rẹ̀ ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà sì ń ṣí ojú àwọn iṣan tín-ín-rín káàkiri ara. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, bí ìdá 5 nínú 100 albumin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń yọ́ jáde ní wákàtí kan, ara sì ń dá a padà. Bí ara bá gbiná, èyí tó ń jáde á pọ̀, ìdápadà kò ní lè bá a. Omi á tẹ̀lé e jáde, nítorí albumin ló ń di omi mú nínú iṣan. Omi yẹn lẹ ń rí nínú ikùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, òun náà ló sì fi kíndìnrín sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Lásìkò kan náà, IL-6, èròjà tó ń jíṣẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì, á pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó fi albumin sílẹ̀, kó gbájú mọ́ CRP. Ìdí nìyí tí ọ̀kan fi ń gòkè tí èkejì ń sọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé ká fi ọ̀kan pín èkejì kò ya wèrè rárá. Ṣùgbọ́n aago wọn kò dọ́gba. CRP kì í tètè dìde. Kí wákàtí 24 tó pé, CRP 40 kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Wákàtí 48 ni 150 mg/L ti ní ìtumọ̀, ó sì máa ń dé góńgó láàárín wákàtí 48 sí 72. Albumin lè ti máa jábọ́ kó tó di ìgbà yẹn.

Wákàtí 48 láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ni, kì í ṣe láti ìgbà tó ti gba káàdì lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ti ọ̀nà Bírínín Gwárí wá, tó ti fi àgbo àti oògùn ìrora lo ọjọ́ 3 nílé, ọjọ́ kìíní yín ni ọjọ́ kẹrin rẹ̀. CRP rẹ̀ lè ti máa bọ̀ wálẹ̀ nígbà tó ń wọlé, nítorí ìdajì rẹ̀ ń lọ láàárín bíi wákàtí 19 tí ara kò bá ṣe tuntun mọ́. Albumin tí ẹ ó pè ní "ti ọjọ́ kìíní" ti jò tán kí ẹ tó rí i. Bí kò bá sí àkókò ìbẹ̀rẹ̀ ìrora lórí ìwé, ẹ dẹ́kun ìṣírò, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ má béèrè pé "ọjọ́ wo ni?" Ẹ béèrè pé, "Ṣé ó jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Sátidé? Ṣé ó kírun Jímọ̀ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí?" Ibẹ̀ lẹ ti máa rí òótọ́.

Ẹ wá wo àpẹẹrẹ yín pẹ̀lú ìṣírò Glasgow, tó ń ka nǹkan 8: ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ tó kéré ju 8 kPa, ọjọ́ orí tó ju 55, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ju 15, kálísíọ̀mù tó kéré ju 2.0, yúríà tó ju 16, LDH tó ju 600 tàbí AST tó ju 200 (èròjà tó ń jáde bí sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́), albumin tó kéré ju 32, ṣúgà tó ju 10. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 48, ẹ kà á mọ́ ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Ọkùnrin yín ní albumin, ó ní ṣúgà, ó ní kálísíọ̀mù: 3. Ó pé!

Àmọ́ ẹ dúró. Apá kan kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gun ẹ̀yìn albumin. Tí albumin bá já, kálísíọ̀mù tí láàbù kà á já pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe: ẹ yọ albumin kúrò nínú 40, ẹ fi 0.02 sọ èyí tó kù di púpọ̀, ẹ rò ó mọ́ kálísíọ̀mù. 40 yọ 27 jẹ́ 13. 13 lọ́nà 0.02 jẹ́ 0.26, 1.85 àti 0.26 jẹ́ 2.11. Kò kéré ju 2.0 mọ́, ó ku 2. Jíjò kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì. Tèmi ni pé kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, "3, tàbí 2 lẹ́yìn àtúnṣe", kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ní 3 títí di àárọ̀. Ẹ ò ní jẹ gbèsè kankan tí ẹ bá ṣọ́ ẹni tó fẹ́ẹ́rẹ́.

#4 Nọ́ọ̀sì Aláìsùn, Jọ́ọ̀sì

Ẹ ṣé, Ọ̀gá Ọ̀bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi omi kún ọ̀rọ̀ náà, torí ẹni kankan kò tíì béèrè iye tí a fà sí ọkùnrin yìí lára láàárín albumin àkọ́kọ́ àti èkejì.

Omi tí a fi sí i lára á la ẹ̀jẹ̀ náà, albumin á wálẹ̀ lórí ìwé. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiwa àti èyí tó jẹ́ ti àìsàn? PCV, ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, ni mo máa ń wò. Albumin tó já láti 38 sí 27 ti pàdánù bí ìdá 29 nínú 100. Bí PCV náà bá já láti 45 sí 32, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ya lára rẹ̀, omi wa ló la gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí PCV bá já láti 45 sí 40, ìdá 11 péré ni, omi kò lè dá jẹ́bi ohun tó kù. Bí PCV bá dúró sí 45 tàbí tó gòkè nígbà tí albumin ń já, ẹ má jókòó: omi inú ẹ̀jẹ̀ ń jáde, sẹ́ẹ̀lì pupa ń dúró, jíjò náà ń lọ lọ́wọ́. PCV tó bá ti tó 44 lọ́jọ́ tó dé, tí kò sì wálẹ̀ láàárín wákàtí 24, ìkìlọ̀ ni fúnra rẹ̀. Kò ná wa ju òpó gíláàsì kékeré kan lọ.

Bákan náà, ẹ má ṣe ri aláìsàn sínú omi mọ́. Ìwádìí WATERFALL tó jáde ní 2022 fi àwọn tó gba omi púpọ̀ wé àwọn tó gbà á níwọ̀nba. Ti àkọ́kọ́: 20 ml fún kìlò kan lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà 3 ml fún kìlò kan ní wákàtí kan. Ti èkejì: 10 ml fún kìlò kan fún ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà 1.5 ml. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, nítorí omi pọ̀ jù lára ìdá 20.5 nínú 100 àwọn tó gbà á púpọ̀, ó sì jẹ́ ìdá 6.3 lára àwọn tó gbà á níwọ̀nba, láìsí èrè tó hàn. Fún ẹni kìlò 60: 600 ml lákọ̀ọ́kọ́ tí ó bá gbẹ, lẹ́yìn náà 90 ml ní wákàtí kan, omi Ringer's lactate. Ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju 30 ml ní wákàtí kan, ìyẹn 0.5 ml fún kìlò kan. Ẹ kọ iye omi tó ti wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì albumin kọ̀ọ̀kan. Albumin tí a kọ láìkọ omi, àbọ̀ ìròyìn ni.

#5 Mo-Ní-Tèmi, Sókótó

Ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ CRP bí ẹni pé ibà kò sí ní ilẹ̀ yìí. Láàárín òjò, ẹni tí kòkòrò ibà wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀ lè ní CRP tó kọjá 150 láìjẹ́ pé páńkíríàsì rẹ̀ ṣe é ní nǹkankan. Ẹni tó jẹ́ SS tí ìrora gbé, CRP rẹ̀ á ga. Àwọn gan-an ló sì ń ní òkúta inú òróòro tó ń dí ẹnu ọ̀nà páńkíríàsì. Ní ìdàkejì, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le koránkorán nítorí hepatitis B tàbí ọtí burukutu ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe CRP tó bó ṣe yẹ, albumin rẹ̀ sì ti wà ní 26 kí inú tó run ún. Ìpín yín á fi ẹ̀tàn jẹ yín ní ọ̀nà méjèèjì. Aláboyún ńkọ́? Albumin rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láìṣàìsàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń tọ purotéènì ńkọ́?

Èmi, BISAP, ìṣírò mìíràn tó ń sọ bí àìsàn náà ṣe máa le tó, tó fún mi, kò tilẹ̀ ka purotéènì rárá. Yúríà tó ju 8.9 mmol/L lọ, orí tó dàrú, ara tó ń jà, ọjọ́ orí tó ju 60, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Ara tó ń jà túmọ̀ sí méjì nínú mẹ́rin: ara tó gbóná ju 38 tàbí tó tutù ju 36, ọkàn tó ń lù ju 90 lọ, èémí tó ju 20, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ju 12 tàbí tó kéré ju 4. Ẹ lè fi tẹmómítà, aago ọwọ́ àti yúríà kan ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín wákàtí 24, kódà tí kò bá síná.

#6 Ọ̀bẹ-Tó-Mú, iṣẹ́ abẹ, Àbújá

Mo gbà pé ibà ń da CRP rú, ẹ ṣe é pé ẹ rántí. Kí ẹ ṣàyẹ̀wò ibà pẹ̀lú rẹ̀ ló kù. N kò sì bá yín jà lórí BISAP, mo ń lò ó. Ọkùnrin inú àpẹẹrẹ yẹn ti ní 1 níbẹ̀ nítorí yúríà 9.5.

Ibi tí a ti yà ni pé ẹ ń wo iye, èmi ń wo ìrìn. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 26 nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tó ṣì wà ní 25 lọ́la, iṣan rẹ̀ kò jò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 41 tó wá di 30, kò tíì jìnnà sí ààlà 32 ti Glasgow, àmọ́ òun ni mo máa sùn tì. Ẹ̀jẹ̀ kan kì í sọ ìrìn. Ẹ fa èkejì ní wákàtí 24, ẹ fa ẹ̀kẹta ní 48.

Ká má sì gbàgbé pé gbogbo èyí, àfọ̀ṣẹ lásán ni. Ìpínsísọ̀rí Atlanta, tó ń sọ bí páńkíríàsì wíwú ṣe le tó, tí wọ́n tún ṣe ní 2012 kò fi CRP tàbí albumin pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tó le. Ẹ̀yà ara tó dáṣẹ́ sílẹ̀ ju wákàtí 48 lọ, èémí tàbí ìfúnpá tàbí kíndìnrín, òun ló ń sọ ẹni di ẹni tó le. Bí albumin bá jẹ́ 39 tí ọ́síjìn rẹ̀ sì jẹ́ 86 nínú 100 láìgba afẹ́fẹ́, ẹ má sọ fún mi pé purotéènì rẹ̀ dára.

#7 Bàbá Ìbejì Màràbá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin dókítà, ẹ má bínú pé mo yọjú sí ọ̀rọ̀ yín. Mo ka gbogbo rẹ̀, èyí tó yé mi ni pé purotéènì ẹ̀jẹ̀ ń já. Ṣé kí ẹbí máa gbé ẹyin sísè àti omi ẹran wá? Wọ́n tún ń sọ pé omi albumin kan wà nínú ìgò tí wọ́n ń fà sára, tó wọ́n gan-an. Ṣé kí ènìyàn lọ wá owó rẹ̀?

#8 Kókó-Dà-Kòsáì, oúnjẹ aláìsàn, Kánò

Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbejì, kò sí ìbínú níbẹ̀.

Ẹyin kò lè dá albumin padà lọ́jọ́ kejì, torí kì í ṣe àìjẹun ló mú un lọ. Bí ẹ tilẹ̀ bu omi sínú ìkòkò tó sán, ihò ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́ dí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa á pẹ̀lú. Àṣà àtijọ́ ni pé kí ó máṣe fẹnu kan nǹkan fún ọjọ́ 5. A ti fi sílẹ̀. Tí àìsàn náà bá fẹ́ẹ́rẹ́, tí èébì ti dáwọ́ dúró, tí ebi sì ń pa á, ó lè jẹun tí kò lọ́ràá lójú ẹsẹ̀: kókó tí a fi sóyà sí, ẹja sísè, ìrẹsì rírọ̀. Tí kò bá lè jẹun fúnra rẹ̀ tó ọjọ́ 3, ọ̀nà páìpù tín-ín-rín láti imú la máa ń gbà. Ní 2014, ìwádìí PYTHON fi páìpù tí wọ́n tètè fi sí i wé ká dúró di wákàtí 72 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun fúnra rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ nínú àkóràn tàbí ikú.

Iye tí ara ń fẹ́ jẹ́ gíráàmù 1.2 sí 1.5 purotéènì fún kìlò kan lójúmọ́. Ẹni kìlò 60 nílò 72 sí 90. Ẹyin kan jẹ́ bíi 6, nítorí náà ẹyin nìkan kò lè dé ibẹ̀, ẹ ò sì ní kó jẹ ẹyin 12. Ẹ jìnnà sí omi ẹran tí ọ̀rá léfòó lórí rẹ̀, nónò tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, àti orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí yìí gan-an: òróró ni wọ́n fi ń dín kòsáì, ìyẹn àkàrà.

#9 Ọ̀bẹ-Tó-Mú, iṣẹ́ abẹ, Àbújá

Bàbá Ìbejì, ní ti ìgò náà: ẹ má tìtorí nọ́ńbà ta ilẹ̀. Albumin tó já ń sọ pé iṣan ń jò. Èyí tí ẹ bá fà sí i á gba ojú ihò kan náà jáde. Ìwádìí ALBIOSS ní 2014 fún àwọn tí àkóràn ti wọ ẹ̀jẹ̀ wọn ní albumin títí iye rẹ̀ fi tó 30 g/L. Ní ọjọ́ 28, ikú kò dínkù. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, àmọ́ n kò rí ìdí tí ti páńkíríàsì yóò fi yàtọ̀. Bí dókítà bá ní ìdí mìíràn, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Kí àwọn ẹbí fi owó yẹn san àwòrán CT ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tí ara kò bá balẹ̀. Kí ó tó di ìgbà yẹn, CT lè má tíì fi apá páńkíríàsì tó ti kú hàn.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́: CRP gíga kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ògùn apakòkòrò. Páńkíríàsì tí kò ní àkóràn ń gbé CRP dé 300. Bí láàbù yín bá ń ṣe procalcitonin, purotéènì ẹ̀jẹ̀ mìíràn, òun ló sún mọ́ àkóràn jù. Nínú ìwádìí PROCAP tí wọ́n ṣe ní Manchester, tó jáde ní 2022, pẹ̀lú ènìyàn 260, ìdá 45 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi procalcitonin darí ló gba apakòkòrò. Ìdá 63 ni lára àwọn yòókù. Àkóràn àti ikú kò sì pọ̀ sí i nítorí rẹ̀.

#10 Ọmọ Ìlọrin ní Káwò

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti tún àpẹẹrẹ náà kọ, bí ẹni tó fẹ́ fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Ẹ bá mi wò ó:

"Ìrora bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, aago 9 alẹ́. Wákàtí 20: albumin 38 g/L, PCV 45, omi tó ti wọlé 0. Wákàtí 46: albumin 27 g/L, PCV 44, CRP 160 mg/L, omi tó ti wọlé 2,700 ml, ìtọ̀ 25 ml ní wákàtí kan. Kálísíọ̀mù 1.85, àtúnṣe 2.11. Yúríà 9.5. Ṣúgà 11.2. Kòkòrò ibà: kò sí. Glasgow 3, tàbí 2 lẹ́yìn àtúnṣe. BISAP 1, a kò tíì ya àwòrán àyà."

#11 Nọ́ọ̀sì Aláìsùn, Jọ́ọ̀sì

Ẹ wo PCV yẹn: 45 sí 44 lẹ́yìn bíi lítà 2.7, ìtọ̀ sì ti wà lábẹ́ 30. Omi wa kọ́ ló la albumin. Ẹ kọ èémí àti ọ́síjìn rẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó lọ lójúmọmọ. Kí ẹni tó máa ka ìtọ̀ bá a wọ ọkọ̀.

#12 Sẹ̀ǹtírífúùjì, láàbù, Gwágwáládà

Ẹ kọ orúkọ aró tí láàbù yín lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ albumin náà, BCG tàbí BCP. Bí ibi tí ó ń lọ bá ń lo èkejì, ti àárọ̀ ọ̀la lè wálẹ̀ sí 24 láìṣe nǹkankan.